Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ irinṣẹ́: lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀mọ̀wé Maggie Aderin-Pocock

Ẹ̀yin Ọ̀mọ̀wé Aderin-Pocock,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú oríire gbogbo. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn. Ẹ̀bẹ̀ kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, n ò sì ní fi í pamọ́ di ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó lọ́jọ́ kan, kí ẹ mú àwọn irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí ẹ ti bá wọn ṣe láti nǹkan bí ọdún 1990 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó mú kí ṣíṣe wọn le, àti ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe nínú wọn. Kí a gbà á sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Yorùbá ni mo sì fi kọ lẹ́tà yìí fúnra rẹ̀, torí mo fẹ́ kí àwọn òbí tó wà nílé kà á pẹ̀lú yín. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n.

Ohun tí ayé mọ̀ yín sí kò kéré. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí yín sí ní 1968, Nàìjíríà ni àwọn òbí yín ti lọ. Láti 2014 lẹ ti wà lára àwọn tó ń ṣe ètò Sky at Night lórí BBC, ètò nípa ìràwọ̀ tó ti wà lórí tẹlifíṣàn láti 1957. Ẹ gba oyè MBE ní 2009. Institute of Physics fún yín ní àmì-ẹ̀yẹ Kelvin ní 2020. Yunifásítì Leicester fi yín ṣe Chancellor ní 2023, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe bèbí Barbie kan ní àwòrán yín. Nígbà tí 2024 wọlé, ẹ di Dame, oyè obìnrin tó dọ́gba pẹ̀lú Sir.

Mo fi àwòrán bèbí náà han àwọn ọmọ SS2 mi. Inú wọn dùn gan-an, pàápàá àwọn obìnrin. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé, "Sà, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe gan-an?" Mo ní onímọ̀ òfurufú ni yín. Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Tí wọ́n bá wá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kí ni wọ́n ń gbé lọ́wọ́?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Tí ọmọ bá ní òun fẹ́ di dókítà, ó ti rí dókítà rí, ó mọ ohun tó ń fi kọ́ ọrùn. Ó ti rí lọ́yà pẹ̀lú wíìgì rẹ̀. Ó mọ ohun tí téńlọ̀ àti mẹkáníìkì ń gbé lọ́wọ́. Onímọ̀ físíìsì tó ń fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe irinṣẹ́, ọmọ yẹn kò tíì rí i rí. Àwọn òbí náà kò rí i rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bi mí nígbà ìpàdé òbí pé, "Tó bá ka físíìsì tán, ṣé olùkọ́ náà ni yóò dà bíi tiyín?" Mi ò bínú sí ìbéèrè náà. Ẹni tí kò rí ọ̀nà kì í rán ọmọ rẹ̀ gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ti rìn ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ níbí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n mọ, kí ẹ lè rí ohun tó kù tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ 13 lẹ lọ kí ẹ tó jáde girama. Ìwé kíkà le fún yín nítorí dyslexia, ìṣòro tó máa ń jẹ́ kí lẹ́tà dàrú mọ́ ọmọ lójú bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ pé. Ẹ sọ fún olùkọ́ kan pé òfurufú lẹ fẹ́ lọ, ó ní kí ẹ rò ó sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ìyẹn náà sáyẹ́ǹsì ni. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kan dé tí wọ́n béèrè ní kíláàsì pé: bí omi lítà kan bá wúwo tó kílógíráàmù kan, báwo ni kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan nínú omi náà á ṣe wúwo tó? Ẹ̀yin nìkan lẹ nawọ́. Gíráàmù kan ni. Ẹ ti sọ fáyé pé ọjọ́ yẹn lẹ mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì lè jẹ́ tiyín. Èmi náà ti mú ìbéèrè yẹn wọ kíláàsì mi. Kò sí owó tí a fi ń rà á, bẹ́ẹ̀ ló ń jí ọmọ tó ti sùn lọ.

Ìtàn awò awọ̀nàjíjìn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìgbà èwe yín. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ rà kò wọ́n, kò sì fi nǹkan hàn dáadáa, àwọ̀ kan máa ń rá bàbà yí ìràwọ̀ ká. Ọmọ SS2 lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀: lẹ́ǹsì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ búlúù ju pupa lọ, àwọn méjèèjì kò sì lè pàdé lójú kan náà. Dígí kò níṣòro yìí, torí igun kan náà ló ń dá gbogbo àwọ̀ padà sí. Ẹ wá lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Camden tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti ṣe awò tirẹ̀. Gíláàsì lórí gíláàsì, ìyẹ̀fun líle láàárín wọn, ẹ ń lọ̀ ọ́, ẹ ń yí i, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí gíláàsì náà fi tẹ̀ kòtò díẹ̀ tó fi lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Mo gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí irinṣẹ́ tí kò dáa, ẹ mọ ìdí tí kò fi dáa, ẹ sì fọwọ́ yín ṣe èyí tó dáa jù ú lọ. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń wò ó, ohun kan náà ni.

Ní 1990 ẹ gba oyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì ní Imperial College, ẹ sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ kan náà ní 1994. Ẹni tó bá gbọ́ pé onímọ̀ òfurufú ni yín á rò pé ìràwọ̀ lẹ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé yẹn. Ọ́ìlì ni. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ lẹ wà, ohun tí ẹ sì ń wọ̀n ni bí ọ́ìlì ṣe fẹ́lẹ́ tó níbi tí irin ti ń yí lórí irin. Gbogbo mẹkáníìkì Ìbàdàn ló mọ̀ pé bí ọ́ìlì bá tán láàárín irin méjì, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ohun tí mẹkáníìkì kò lè sọ ni bí ọ́ìlì tó kù níbẹ̀ ṣe nípọn tó, torí pé nanometre ni wọ́n fi ń kà á, ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà. Rúlà wo ni yóò wọ ibẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀. Wọ́n á tàn án gba inú gíláàsì. Apá kan á ta padà láti òkè ọ́ìlì, apá kejì á ta padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá pàdé. Níbi tí ìgbì wọn bá ti bára mu, ìmọ́lẹ̀ á tàn sí i; níbi tí wọ́n bá ti ta ko ara wọn, á kú. Àwọ̀ tó bá yọ síta ló ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe nípọn tó. Ohun yìí gan-an ló ń kun òṣùmàrè sórí omi òjò nígbà tí ọ́ìlì mọ́tò bá dà sí i. Ọmọ tó ń gba gáréèjì Ìwó Road kọjá máa ń rí i nígbà gbogbo tí òjò bá ti dá, á fò ó kọjá kí bàtà rẹ̀ má baà dọ̀tí. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ lẹ́nu yín pé ohun tó ń fò kọjá yẹn lẹ fi di ọ̀mọ̀wé.

Láti 1996 sí 1999 ẹ wà ní DERA, àjọ ìwádìí ètò ààbò ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún bàlúù pé mísáìlì ń bọ̀. Ó ṣe pàtàkì, àmọ́ mo fẹ́ yára kọjá níbẹ̀ kí n lè dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù lọ nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ẹ darí iṣẹ́ lórí irinṣẹ́ tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́ láti fi wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù lágbàáyé ni: ní 1997 ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn Ottawa tó fòfin de bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1999.

Ẹ wo bí físíìsì rẹ̀ ṣe rí. Irinṣẹ́ tó ń wá irin máa ń ran agbára mágnẹ́ẹ̀tì tó ń yí padà wọ inú ilẹ̀. Bí irin bá wà níbẹ̀, iná díẹ̀ á máa yípo nínú irin náà, á sì dá agbára mágnẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ padà sókè, irinṣẹ́ á gbọ́ ọ, á ké. Èyí tó ṣẹ́ kù fún SS3 láti mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ike ni ọ̀pọ̀ nínú bọ́ǹbù wọ̀nyí, irin inú wọn bíńtín ni, nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ti jagun kún fún ọta ìbọn, ìṣó àti agolo. Bí irinṣẹ́ bá ń ké sí gbogbo irin tó bá rí, ó máa sú ẹni tó gbé e lọ́wọ́, kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Bí ó bá sì dákẹ́ sí ohun tí kò yẹ kó dákẹ́ sí, ẹsẹ̀ èèyàn ló lọ yẹn, tàbí ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn kan fi rédà tó ń wọ ilẹ̀ kún un, torí pé ìgbì rédíò máa ń ta padà níbi tí yẹ̀pẹ̀ àti ike bá ti pààlà. Ilẹ̀ tútù á tún ba ìyẹn náà jẹ́, torí pé omi ń gbé ìgbì rédíò mì.

Àwọn ọmọ wa rò pé sẹ́ńsọ̀ jẹ́ ohun tó ń gbọ́ nǹkan. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún wọn pé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ dá lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè lọ́dọ̀ wa. Ní 2011 ni Nàìjíríà kéde pé òun ti palẹ̀ bọ́ǹbù tí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 fi sílẹ̀ mọ́. Boko Haram sì ti tún rì tiwọn sí ojú ọ̀nà àti oko àwọn èèyàn ní Borno. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ sójà lọ́hùn-ún. Ọmọ yẹn kò ní sùn tí ẹ bá ń ṣàlàyé irinṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ padà sídìí ìràwọ̀, pẹ̀lú owó ìwádìí tí wọ́n fún yín láti bá wọn ṣe spectrograph, irinṣẹ́ tó ń ya àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀, fún awò awọ̀nàjíjìn Gemini tó wà ní Cerro Pachón, ní ilẹ̀ Chile. Dígí awò yẹn fẹ̀ tó mítà 8.1. Irinṣẹ́ tí ẹ bá wọn ṣe, bHROS, kò tilẹ̀ rọ̀ mọ́ awò náà lára. Wáyà gíláàsì tín-ín-rín ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá tó wà nísàlẹ̀ nínú òpó tó gbé awò dúró, níbi tí ohunkóhun kò ti ní mì ín, kó lè ya àwọ̀ sọ́tọ̀ títí dé ìdá kan nínú 150,000. Mo máa ń ronú lórí ìmọ́lẹ̀ yẹn, tó ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ bọ̀ láti ọdúnmọ́dún, tó wá gba inú wáyà wọ yàrá lábẹ́ ilé kí ẹnì kan lè mọ ohun tí ìràwọ̀ náà fi ṣe ara.

A ṣe kékeré rẹ̀ nínú kíláàsì wa. Páálí ohun mímu, abẹ bíléèdì méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, àti àfọ́kù sídì orin. Ìlà tó wà lójú sídì jìnnà síra wọn ní ìwọ̀n 1.6 nínú ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà, ìyẹn sì tó láti ya àwọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ fi wo iná gbọọrọ aláwọ̀ funfun tó wà nínú ọ́fíìsì, wọ́n rí i pé funfun rẹ̀ kò pé, ìlà àwọ̀ ewé kan dá dúró nínú rẹ̀ kedere. Mákíúrì inú gílóòbù ló ń yọ bẹ́ẹ̀. A ju iyọ̀ díẹ̀ sínú iná gáàsì, ìlà ìyeyè kan sì fò jáde ní 589 nanometre. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì pariwo pé, "Iyọ̀ lèyí!" Ó ti ka ohun tó wà nínú iná láìfọwọ́ kàn án. Ohun tí bHROS máa ń ṣe nígbà tó ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. (Ẹ̀yin òbí tó bá fẹ́ ṣe é nílé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi wo oòrùn o, ojú rẹ̀ á bàjẹ́.)

Ẹ tún lọ sí iléeṣẹ́ Astrium, tó ń kọ́ sátẹ́láìtì nígbà náà, níbi tí ẹ ti ń darí àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀ ni Aeolus, sátẹ́láìtì tí Àjọ Òfurufú Yúróòpù fi ń wọn afẹ́fẹ́. Tí mo bá ní àǹfààní àtiyan ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù, òun ni mo máa yàn.

Láti nǹkan bí 320 kìlómítà lókè, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà tí ojú wa kò lè rí sísàlẹ̀, ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 355 nanometre. Afẹ́fẹ́ àti eruku á dá bíńtín nínú rẹ̀ padà. Bí ọkọ̀ áḿbúláǹsì bá ń bọ̀ wá bá wa, ìró rẹ̀ á lọ sókè; bó bá kọjá, ìró náà á wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta lára afẹ́fẹ́ tó ń sáré náà ń yí padà bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyípadà tó bá ìmọ́lẹ̀ náà kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù 15 lọ. Wọ́n rò pé àwọn ṣì í ṣírò, wọ́n tún un ṣe. Kí ni wọ́n wá fi ń wọn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ tó ń pàdé ara rẹ̀ láàárín gíláàsì méjì. Físíìsì tí ẹ fi wọn ọ́ìlì ní Imperial ló tún fara hàn nínú sátẹ́láìtì. N kò rí ẹni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rí, ó sì dùn mọ́ mi nínú gan-an nígbà tí mo rí i. Ohun tí ọmọ bá kọ́ dáadáa níbì kan á tẹ̀ lé e dé ibi tí kò rò.

Ẹ má fo ibi tó le nínú rẹ̀. Ètò ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí Aeolus gbéra ní 2007. Kò gbéra títí di 22 oṣù kẹjọ ọdún 2018. Lésà náà máa ń ba dígí àti lẹ́ǹsì ara rẹ̀ jẹ́ nínú òfìfo òfurufú, torí pé ìdọ̀tí tí ojú kò rí máa ń jóná mọ́ wọn lára. Wọ́n ṣe ìwádìí títí wọ́n fi rí i pé bí wọ́n bá fi ọ́síjìn díẹ̀ sí i, dígí á máa mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà wa wí i. Àwọn ọmọ wa tó ń rí gbogbo nǹkan parí nínú fídíò ìṣẹ́jú kan nílò láti gbọ́ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé ìṣòro kan sọ, wọ́n ń gbé e kalẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì yanjú.

Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2020 dé, ilé iṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí fún Yúróòpù ti ń lo ohun tí Aeolus ń wọ̀n. Àwọn ilẹ̀ olóoru bíi tiwa wà lára ibi tí àǹfààní rẹ̀ ti hàn jù, torí pé fèrè (bàlúùnù) tí wọ́n ń fi wọn afẹ́fẹ́ lókè kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa rárá. Àgbẹ̀ tó wà ní Ṣakí, tó ń wo ojú ọ̀run kó tó gbin àgbàdo, kò mọ̀ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Aderin lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì náà jábọ̀ padà sínú afẹ́fẹ́ ayé ní oṣù keje ọdún 2023, iṣẹ́ rẹ̀ ti pé.

NIRSpec náà wà lára iṣẹ́ yín ní Astrium, irinṣẹ́ tó ń ya àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú awò James Webb tó gbéra ní ọjọ́ Kérésìmesì 2021. Fèrèsé wínníwínní tó ń ṣí tó ń pa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tó nǹkan bí 250,000, kó lè wo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2022 ó rí kábọ́ńdáọ́ksáìdì nínú afẹ́fẹ́ ayé kan tó ń jẹ́ WASP-39b, tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ń lo nǹkan bí 700 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ mi ti mọ èyí, àwòrán Webb ti dé orí fóònù wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tìkára yín kò fi ìmọ̀ náà pamọ́. Láti 2004 tí ẹ ti dá Science Innovation sílẹ̀ lẹ ti ń gbé òfurufú wọ inú ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ń mú àwọn ọmọ rìn káàkiri láàárín ìràwọ̀ láìkúrò lórí àga. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jàǹfààní rẹ̀ gan-an. Ohun tí mo ń tọrọ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ lẹ́nu yín, tí ọkàn rẹ̀ fà sí i, lè rí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó lè rí ilé ọnà sáyẹ́ǹsì, ó lè rí láàbù tó ní nǹkan nínú. Ìfẹ́ tí ẹ gbìn sí i lọ́kàn á rí ilẹ̀ hù sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló jẹ́ pé ìgbà tí WAEC bá kù díẹ̀ ni wọ́n ń kó irinṣẹ́ físíìsì jáde. Mo ti kọ́ni ní ibi tí ọmọ ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà pé inú ìwé ni físíìsì ń gbé. Bí ẹ bá fún un ní ìràwọ̀ nìkan, á wò ó, á yìn ín, á sì lọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ẹ bá fún un ní ọ́ìlì, lésà, irin abẹ́lẹ̀ àti àfọ́kù sídì, ó ní ohun tó máa fọwọ́ mú.

Ẹ tún bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ owó. Ẹ sọ ọ́ kedere pé iléeṣẹ́ wà tó ń san owó oṣù tó jọjú fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan, àti pé ẹ̀yin ti gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò di dandan kí a dé Lọ́ńdọ̀nù kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2003 ni NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, gbéra. Àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ló kọ́ NigeriaSat-X ní Surrey, ó sì gbéra ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú kan wà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ kọ́ṣẹ́. Wákàtí díẹ̀ ni láti Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ òbí tó ń bi mí ní ìbéèrè nípàdé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní ti bí a ṣe máa ṣe é, ẹ má ṣe dààmú. Kò pọn dandan kí ẹ wọ bàlúù. Fóònù tó ń ya àwòrán tó mọ́ ti tó. Ẹ lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. A ti ní olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ Yorùbá tó máa jọ jókòó lórí ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 wa á sì sọ ọ́ lóhùn ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni a máa fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́, títí dé àwọn tó wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Tí ẹ bá lè fi irinṣẹ́ kékeré kan parí rẹ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe lójú àwọn ọmọ, bí ẹ ṣe ṣe dígí yẹn ní Camden, a ó wá gbogbo ohun tí ẹ bá lò lọ́jà Dùgbẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ kan ní kí n bá wọn béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín. Odò Ògùnpa ya wọ ìlú yìí ní 1980, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, omíyalé sì tún ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n lè gbé kọ́ abẹ́ afárá kí ó máa wo bí omi ṣe ń ga. Sẹ́ńsọ̀ olówó kékeré ni, ó ń rán ìró tí etí kò gbọ́ sísàlẹ̀, ó sì ń ka àsìkò tí ìró náà fi padà. Wọ́n ti mọ̀ pé ooru ń mú kí ìró yára sí i, wọ́n sì ti ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n há sí ni pé tí òjò bá ń rọ̀ gidi, ìró máa ń ta padà lára ẹ̀kán omi kó tó dé ojú odò, sẹ́ńsọ̀ á wá kéde pé omi ti kún nígbà tí kò tíì kún. Tí wọ́n bá ní kó má fetí sí i, ó máa ń pàdánù omi gidi. Báwo lẹ ṣe máa ń yanjú rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àsìkò tí a nílò irinṣẹ́ náà jù lọ gan-an ni ariwo pọ̀ jù?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan, Ìbàdàn.